Bí iná gáàsì ṣe ṣi Lee de Forest lọ́nà, tó sì tibẹ̀ rí ohun tó sọ rédíò di alágbára

Lálẹ́ ọjọ́ kan lọ́dún 1900, nílùú Chicago, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lee de Forest wà nínú yàrá rẹ̀, ó ń dán ẹ̀rọ kan wò. Ẹ̀rọ tó ń mú kí iná mànàmáná ta pàrà-pàrà ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn láìlo wáyà láyé ìgbà náà. Àtùpà gáàsì ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí yàrá ọ̀hún, èyí tó ní àwọ̀n funfun kékeré lórí, tí àwọn àgbà ilẹ̀ wa náà mọ̀ dáadáa níbi ìnáwó alẹ́ láyé ijọ́un. Ohun tó ya de Forest lẹ́nu ni pé gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ti ta pàrà ni iná àtùpà náà ń yí padà. Bí ẹ̀rọ bá ti ń ta, ìmọ́lẹ̀ á dín kù. Bó bá ti dákẹ́, ìmọ́lẹ̀ á padà sípò.

Inú ọ̀dọ́mọkùnrin náà dùn kọjá ààlà. Lásìkò tí à ń wí yìí, ohun tó le jù nínú iṣẹ́ rédíò kì í ṣe bí wọn yóò ṣe rán ìgbì jáde, bí kò ṣe bí wọn yóò ṣe mọ̀ pé ìgbì náà ti dé ibi tí wọ́n rán an sí. Ìgbì rédíò kò ṣé é fojú rí, etí kò sì lè gbọ́ ọ. De Forest rò pé iná àtùpà òun ti mọ̀ ọ́n lára. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Edwin Smythe, wá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń ta pàrà náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n sì tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bí wọ́n ṣe ṣe bẹ́ẹ̀ ni iná àtùpà náà dúró jẹ́ẹ́, kò mì mọ́. Ìgbì rédíò a sì máa gba inú pákó kọjá, ariwo ni ilẹ̀kùn lè dí lọ́nà. Ó wá hàn gbangba pé ariwo tí ẹ̀rọ náà ń pa ló ń da iná láàmú, kì í ṣe ìgbì rédíò kankan.

Pé iná gáàsì máa ń gbọ́ ohùn kì í tún ṣe ọ̀rọ̀ tuntun nígbà náà. Láti ọdún 1858 ni ọmọ Amẹ́ríkà kan, John LeConte, ti kíyè sí i níbi tí wọ́n ti ń fi ohun èlò olókùn kọrin, pé iná gáàsì tó wà nínú ilé ń jó bí orin náà ṣe ń lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni John Tyndall, gbajúmọ̀ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nílé ìmọ̀ Royal Institution nílùú London, fi irú iná bẹ́ẹ̀ han ọ̀pọ̀ èrò ìwòran. Ìdí abájọ ni pé bí gáàsì bá ń tú jáde pẹ̀lú agbára tó kù díẹ̀ kó di rúdurùdu, ìwọ̀nba ohùn tó bá gba inú afẹ́fẹ́ wá yóò tì í kọjá ààlà, ọwọ́ iná á sì kúrú tàbí kó pínyà lójijì. Nídìí èyí, ohun tí de Forest rò pé òun ṣàwárí ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn ẹlòmíràn ti mọ̀ ọ́n.

Ẹlòmíràn ì bá ti pa ọ̀rọ̀ náà tì. De Forest kò pa á tì. Ó gbà pé ariwo ló fa tọjọ́ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé gáàsì tó gbóná máa ń jẹ́ kí iná mànàmáná gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí náà ó yẹ kó lè mọ ìgbì rédíò lára. Èrò yìí ló gbé lé ọkàn fún odidi ọdún mẹ́fà. Òun ló gbé e dé ibi tó dé, òun náà ló sì fa ọ̀pọ̀ nínú wàhálà tó bá a.

Ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 1873, ni wọ́n bí Lee de Forest nílùú Council Bluffs, ní ìpínlẹ̀ Iowa. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni baba rẹ̀, Henry Swift DeForest. Lọ́dún 1879 ni baba náà di ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ gíga Talladega ní ìpínlẹ̀ Alabama, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1867 fún àwọn aláwọ̀ dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú. Ilé ńlá tó ṣe kókó jù nínú ọgbà náà, Swayne Hall, àwọn ẹrú ló kọ́ ọ kí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ló wà fún. Lẹ́yìn ogun ni ilé náà wá di tàwọn ọmọ ẹrú tó kọ́ ọ.

Àwọn aláwọ̀ funfun ìlú Talladega kò fi ojúure wo ẹbí DeForest rárá, wọ́n pa wọ́n tì nítorí pé wọ́n ń kọ́ aláwọ̀ dúdú níwèé. Inú àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ni Lee ti rí ọ̀rẹ́ bá ṣeré, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ń dá jókòó nídìí ìwé àti irin pàlàpálà tó ń tò pọ̀. Baba rẹ̀ fẹ́ kó di oníwàásù, ṣùgbọ́n ọmọ náà taku pé iṣẹ́ ẹ̀rọ lòun fẹ́ ṣe. Nígbà tó yá, baba gbà fún un, Lee sì wọ ẹ̀ka ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Yale lọ́dún 1893. Kò lówó lọ́wọ́, iṣẹ́ kéékèèké ló ń ṣe jẹun. Lọ́dún 1896 tó gboyè àkọ́kọ́ ni baba rẹ̀ kú. Nígbà tó fi máa di 1899, ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí bí ìgbì rédíò ṣe máa ń ta padà bó bá dé òpin wáyà. Ẹ̀yìn èyí ló ríṣẹ́ sí iléeṣẹ́ Western Electric ní Chicago, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ọ̀gá lọ́sàn-án, tó ń ṣe tirẹ̀ lálẹ́.

Marconi, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ni òkìkí rẹ̀ ń kàn nígbà náà, de Forest sì fẹ́ bá a figagbága. Lọ́dún 1901, nígbà tí àwọn ọkọ̀ olówó iyebíye ń díje lójú òkun létí New York, àwọn méjèèjì àti iléeṣẹ́ kẹta lọ síbẹ̀ láti fi rédíò ròyìn bó ṣe ń lọ fáwọn ìwé ìròyìn. Kò sí èyí nínú wọn tó ní ọ̀nà gidi láti ya ìgbì sọ́tọ̀ níbẹ̀. Níṣe ni ìgbì àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dà pọ̀ mọ́ra wọn, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ ohunkóhun.

Ìtìjú yìí kò dá a dúró. Lọ́dún 1902, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Abraham White bá a dá iléeṣẹ́ rédíò sílẹ̀, White ń ta ìpín ìdókòwò fáráàlú, de Forest ń tún ẹ̀rọ ṣe. Wọ́n ṣe dáadáa níbi ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní St. Louis lọ́dún 1904, ṣùgbọ́n ìpín ìdókòwò ni White ń tà ju rédíò lọ. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Nígbà tó di 1906, ilé-ẹjọ́ sọ pé ẹ̀rọ agbàgbì tí wọ́n ń lò jẹ́ èyí tí Reginald Fessenden ti gba ẹ̀tọ́ lé lórí. Àwọn tí wọ́n jọ dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ fi ọgbọ́n lé de Forest jáde pẹ̀lú 1,000 dọ́là péré. Wọ́n ní kó máa gbé ìwé ẹ̀tọ́ gílóòbù kan tó ń ṣe lọ, nítorí pé lójú tiwọn kò wúlò fún ohunkóhun.

Gílóòbù yìí ni iná gáàsì ti Chicago bí. Lọ́dún 1903, de Forest ti gbé irin pìlátínọ́mù méjì sínú ọwọ́ iná gáàsì irú èyí tí wọ́n ń lò nílé ìwé sáyẹ́ǹsì, ó so wọ́n mọ́ bátìrì àti ohun tí a fi ń gbọ́ tẹlifóònù létí, ó sì gbọ́ ìró nígbà tí ìgbì rédíò dé. Ṣùgbọ́n iná a máa mì bí atẹ́gùn bá ti fẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè gbé iná gáàsì wọ inú ọkọ̀ ojú omi pé òun fẹ́ fi gba ìròyìn. Ó wá pinnu pé òun yóò sé gáàsì gbígbóná mọ́ inú dígí. John Ambrose Fleming ti ṣe gílóòbù tó fara jọ ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1904, tó ní wáyà gbígbóná kan àti irin pẹlẹbẹ kan nínú. Títí ayé ni àwọn èèyàn ń jiyàn lórí bí de Forest ṣe mọ̀ nípa iṣẹ́ Fleming tó kó tó ṣe tirẹ̀.

Ohun tó jẹ́ ti de Forest, tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ni wáyà kẹta. Ní ìparí ọdún 1906 ló ki wáyà wíwọ́ kan sáàárín èyí tó gbóná àti irin pẹlẹbẹ náà, lóṣù kìíní, ọdún 1907, ló sì béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́. Ọdún 1908 ni wọ́n fún un. Audion ni wọ́n pe gílóòbù náà. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ju ti ẹnu ẹ̀rọ omi lọ. Omi tó ń bọ̀ nínú páìpù lè lágbára bó ti wù kó mọ, ìka méjì péré la fi ń ṣí i, òun náà la sì fi ń tì í. Agbára iná mànàmáná tó ti inú wáyà gbígbóná lọ sínú irin pẹlẹbẹ ni omi inú páìpù, wáyà kẹta sì ni ọwọ́ tó ń ṣí i, tó ń tì í. Ìró tín-ín-rín tó bá dé ara wáyà kẹta yóò jáde ní ìró ńlá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú nìyí. De Forest alára kò mọ ìdí tí gílóòbù rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Nítorí iná àtùpà ọjọ́ kìíní, ó gbà pé gáàsì díẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, kó máa gbé iná mànàmáná. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Edwin Howard Armstrong, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Columbia nígbà náà, fi ìwọ̀n àti àwòrán ṣàlàyé lọ́dún 1914 bí gílóòbù náà ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an. Harold Arnold ní iléeṣẹ́ tẹlifóònù AT&T àti Irving Langmuir ní General Electric náà rí i pé ọ̀tá ni gáàsì jẹ́ fún un. Bí agbára bá ti pọ̀ díẹ̀, gáàsì tó ṣẹ́ kù á máa tan ìmọ́lẹ̀ aró, gílóòbù á sì kọṣẹ́. Wọ́n fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde pátápátá, ó sì di akọni. Ohun tí de Forest dì mú bí ìgbàgbọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ dà nù.

Àsìkò yìí kan náà ni ìjọba Amẹ́ríkà mú un. Lọ́dún 1912 ni wọ́n fẹ̀sùn kan òun àti àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ rẹ̀ tuntun pé wọ́n fi lẹ́tà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lu àwọn tó ra ìpín ìdókòwò ní jìbìtì. Nígbà tí ẹjọ́ náà wáyé lópin ọdún 1913, agbẹjọ́rò ìjọba fi Audion ṣe yẹ̀yẹ́ pé gílóòbù lásán tí kò wúlò ni. Wọ́n dá de Forest láre, ṣùgbọ́n wọ́n dá méjì lára àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ náà lẹ́bi. Lọ́dún 1913 kan náà tí wọ́n ń pe gílóòbù náà ní yẹ̀yẹ́ ni AT&T, láti ọwọ́ agbẹjọ́rò kan, san 50,000 dọ́là fún ẹ̀tọ́ láti fi gbé ohùn tẹlifóònù ga. Lọ́dún 1914, wọ́n tún san 90,000 dọ́là fún ẹ̀tọ́ ti rédíò, nígbà tó sì di 1917, wọ́n san 250,000 dọ́là fún èyí tó kù. Oṣù kìíní, ọdún 1915, ni wọ́n fi gílóòbù tí Arnold ti tún ṣe ṣí ìlà tẹlifóònù tó gba Amẹ́ríkà já, Alexander Graham Bell wà ní New York, ó ń bá Thomas Watson sọ̀rọ̀ ní San Francisco.

De Forest fẹ́ràn orin, òun sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rò ó pé rédíò kì í ṣe fún ìròyìn ọkọ̀ ojú omi nìkan, pé ó yẹ kí orin àti ọ̀rọ̀ máa wọlé tọ aráàlú lọ. Lóṣù kìíní, ọdún 1910, ó gbé ohùn gbajúmọ̀ akọrin Enrico Caruso sórí afẹ́fẹ́ láti gbọ̀ngàn eré Metropolitan Opera ní New York. Ìwọ̀nba èèyàn ló gbọ́ ọ, kò sì já gaara. Ní ọjọ́ ìbò ààrẹ lọ́dún 1916, iléeṣẹ́ rédíò rẹ̀ kéde èsì lálẹ́, ó ní Charles Evans Hughes ló wọlé. Woodrow Wilson ló wọlé.

Ìjà tó gùn jù nínú ayé rẹ̀ ni tòun àti Armstrong. Armstrong ti rí i pé bí wọ́n bá mú díẹ̀ lára ohùn tó ti inú Audion jáde, tí wọ́n dá a padà sẹ́nu ibi tó gbà wọlé, agbára rẹ̀ yóò di ìlọ́po lọ́nà ìlọ́po. Ọdún 1913 ló béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́. De Forest ní òun ti rí i ṣáájú rẹ̀, lọ́dún 1912. Nǹkan bí ogún ọdún ni wọ́n fi wà nílé-ẹjọ́. Lọ́dún 1934, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà gbè sẹ́yìn de Forest. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ kò fara mọ́ ọn, wọ́n gbà pé Armstrong ló mọ ohun tó ń ṣe. Nígbà tí Armstrong fẹ́ dá àmì ẹ̀yẹ tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rédíò fún un padà, ẹgbẹ́ náà kọ̀, wọ́n ní tirẹ̀ ni. Armstrong gbẹ̀mí ara rẹ̀ lọ́dún 1954, lẹ́yìn tí ẹjọ́ mìíràn tún ti gbà á lówó, tó gbà á lókun.

Nínú ilé, kò rọrùn bákan náà. Ìyàwó mẹ́rin ni de Forest fẹ́. Èkejì, Nora Stanton Blatch, onímọ̀ ẹ̀rọ ni, ó sì bá a ṣiṣẹ́ rédíò. De Forest fẹ́ kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, Nora kọ̀, ìgbéyàwó wọn sì fọ́. Ẹ̀kẹrin, òṣèrébìnrin sinimá Marie Mosquini, tó fẹ́ lọ́dún 1930, ló bá a dàgbà dé ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ní àárín gbogbo èyí, ó tún kọjú sí sinimá, tí kì í sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ó wá ọ̀nà láti kọ ohùn sí etí fíìmù bí ìlà ìmọ́lẹ̀. Ọjọ́ 15, oṣù kẹrin, ọdún 1923, ló fi fíìmù olóhùn rẹ̀ han aráàlú nílé sinimá Rivoli ní New York. Theodore Case, tí iṣẹ́ rẹ̀ ran ti de Forest lọ́wọ́ púpọ̀, bínú pé kò fún òun ní ìyìn tó tọ́, ó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì gbé ìmọ̀ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ William Fox. Iléeṣẹ́ de Forest wọ gbèsè. Àwọn mìíràn ló rí owó sinimá olóhùn kó. Lọ́dún 1960, nígbà tó ti di arúgbó, wọ́n fún un ní Oscar ìdánilọ́lá nítorí iṣẹ́ náà.

Àwọn gílóòbù tó ti ara Audion wá ló gbé rédíò, tẹlifóònù, gbohùngbohùn àti àwọn kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́. Irú wọn ló ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rédíò onípàpótí nílùú Èkó lọ́dún 1935, tí ohùn BBC fi ń gba inú wáyà wọ ilé àwọn tó bá san owó rẹ̀. Àwọn tó lo rédíò àtijọ́ kò ní gbàgbé pé èèyàn gbọ́dọ̀ ní sùúrù díẹ̀ bó bá tàn án, kí inú rẹ̀ kọ́kọ́ gbóná kó tó fọhùn. Wáyà gbígbóná inú gílóòbù ni wọ́n ń dúró dè. Lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ iléeṣẹ́ Bell ṣe transistor lọ́dún 1947 ni ọ̀nà mìíràn là.

Iná gáàsì alára kò sì parọ́ tán pátápátá. Lọ́dún 1967, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà ròyìn nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature pé àwọn ti sọ ọwọ́ iná di gbohùngbohùn. Wọ́n ki irin méjì sínú iná gáàsì, wọ́n fi èròjà oníyọ̀ sínú rẹ̀ kó lè gbé iná mànàmáná dáadáa, wọ́n sì gbé agbára tí ohùn orin ń darí sáàárín irin méjèèjì. Gáàsì gbígbóná náà ń fẹ̀, ó ń sún kì, ó ń ti afẹ́fẹ́ àyíká rẹ̀, orin sì ń jáde láti inú iná tí kò ní awọ tàbí bébà kankan tó ń mì. Nínú ilé wọn náà ni àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọwọ́ ti ń ṣe irú rẹ̀ láti ìgbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná tó ń jó àti agbára mànàmáná tó lè pa èèyàn ló pàdé níbẹ̀. Iná àti iná mànàmáná mọ ara wọn, gẹ́gẹ́ bí de Forest ṣe rò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ọ̀nà tó rò ó sí. Láti mú kí iná sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó di dandan kí ohun tó ń gbé ohùn ga wà nídìí rẹ̀, ọ̀nà yẹn sì ni Audion kọ́kọ́ là.

De Forest kò rí ọdún 1967. Ọjọ́ 30, oṣù kẹfà, ọdún 1961, ló kú ní Hollywood, lẹ́ni ọdún 87. Ohun tí wọ́n bá nínú àpò ìfowópamọ́ rẹ̀ ní báńkì jẹ́ 1,250 dọ́là. Ó ti pe ara rẹ̀ ní baba rédíò nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1950, ṣùgbọ́n rédíò kò ní baba kan ṣoṣo. Fessenden, Fleming, Armstrong, Arnold àti Marconi náà ní ọmọ níbẹ̀. Wáyà kẹta ni tirẹ̀, òun ló kì í bọ inú dígí nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ronú kan an, àwọn tó ní kò wúlò sì fi tọwọ́tọwọ́ yọ̀ǹda rẹ̀ fún un kó máa gbé e lọ.